Ìyá Ìbejì, mo lọ dìbò

Sábó, Ìkòròdú,
Ọjọ́ 19, oṣù Keje, 2025.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kánádà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? O ní kí n sọ bí ìdìbò kánsù ṣe lọ lọ́dọ̀ wa. Mo ti ń fi èsì falẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Sátidé tó kọjá, ọjọ́ 12, ni. Ọkọ̀ kò rìn. Títì Sábó tí o mọ̀ yẹn, tí èèyàn kì í rí àyè sọdá, pa lọ́lọ́. Làwọn ọmọ àdúgbò bá gba ojú títì. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àbígbẹ̀yìn mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe fíìmù. O rántí àwọn Ikorodu Bois, àwọn ọmọ ẹbí kan náà tó ń fi korobá àti ìgbálẹ̀ sín fíìmù òyìnbó jẹ? Ní 2020, àwọn tó ni fíìmù gan-an ní Amẹ́ríkà rí iṣẹ́ wọn, Netflix sì kó irinṣẹ́ fún wọn. Láti ìgbà náà ni asẹ́ mi kò ti sinmi. Àbígbẹ̀yìn mi ti fi ṣe ọkọ̀, ó ti fi ṣe apata. Lọ́jọ́ yẹn, omorogùn mi ló di ìbọn. Orí mi wú, Ìyá Ìbejì. Ọmọ tí kò dúró de ẹni tó máa fún un ní nǹkan kó tó ṣe nǹkan!

Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò wọ́n. Ibi ìdìbò kò sì ju ilé mẹ́rin lọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ. Ẹnì kan ní wọ́n ti kọ èsì tẹ́lẹ̀. Òmíràn bi mí bóyá ìbò ló máa já owó gàrí wálẹ̀. N kò lè bá wọn jà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún, 2023, owó ọkọ̀ láti ibí sí Mile 12 nìkan ti tó kó àárẹ̀ bá èèyàn.

Àmọ́ gọ́tà iwájú ilé wa ni mo ń rò. Ẹ̀ẹ̀mejì lòjò oṣù Kẹfà wọ yàrá mi. Gọ́tà, ọjà, gáréèjì, ilẹ̀ kíkó, títí dórí ìwé àṣẹ ọmọlanke, kánsù ni ìwé òfin 1999 kó wọn fún, kì í ṣe Abuja. Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, 2024 pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà, ayọ̀ ni mo fi sùn. Kánsù kan ṣoṣo ni Ìkòròdú ní nígbà tí a wà nílé-ìwé. Láti 2003 ó ti di mẹ́fà, tí o bá ka àwọn LCDA márùn-ún, ìyẹn àwọn kánsù tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, mọ́ ọn. Mo bi ẹni mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì yẹn pé kí lorúkọ alága wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Màámi ló fún mi lágbára. O rántí ìdìbò ààrẹ June 12, 1993? Sátidé ni tòun náà. Èmi pẹ̀lú rẹ la tẹ̀ lé wọn lọ, wọ́n di èbìrìpò dání fún wa, a wà lórí ìlà títí oòrùn fi kan àtàrí. (Wọ́n ní tí ẹ bá dé, àwọn á sè é fáwọn ìbejì.) Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Babangida, ológun tó ń ṣèjọba nígbà náà, fi wọ́gi lé e. Mo rí màámi tí wọ́n ń sunkún ní ìdí ààrò. Síbẹ̀, wọ́n tún jáde ní 1999. Ní Sátidé yìí, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ní kí n di àwọn lọ́wọ́ mú. Wọn kò bá àwọn ará bẹ́ǹṣì jiyàn. Wọ́n kí wọn, wọ́n sì kọjá. Ìyá alákàrà nìkan ló dìde tẹ̀ lé wa.

Ẹni méjì péré la bá níbẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi sáré bá wa, tòun ti omorogùn. Nígbà tí wọ́n fi tàdáwà kàn wá lọ́wọ́, ó na tiẹ̀ náà. Òṣìṣẹ́ náà ní kò tíì tó. Ó wálé lọ wá báírò, ó kun àtàǹpàkò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan rèé, kò tíì gbà kí n fi kànrìnkàn kàn án.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.