Sí Àbẹ̀kẹ́, nítorí Wálé tó ń bọ̀ wálé

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kú òtútù ìlú Kánádà o. Mo gbọ́ ohùn tí o gbà ránṣẹ́, mo sì tún un gbọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Inú mi dùn pé Wálé àbúrò rẹ ń jáde níparí oṣù yìí ní ilé ìtọ́jú tó ti lọ jáwọ́ nínú oògùn olóró. O ní ṣé kí o wá owó ńlá ránṣẹ́ sí i kó lè tètè bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà, torí èsì rẹ̀ gùn ju ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ lórí WhatsApp lọ. Ohun tí ojú wa rí lórí Kúnlé àbúrò mi, o mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. N ó sọ èyí tó bá wúlò fún ọ.

Ti owó lákọ̀ọ́kọ́: má fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Mi ò sọ pé olè ni o. Owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn olóró sílẹ̀ máa ń rán an létí ohun tó ń fi í rà tẹ́lẹ̀, ìwọ náà sì mọ Ìbàdàn, oníPOS wà lẹ́nu gbogbo ọ̀nà, kì í pẹ́ tí owó orí fóònù fi ń di owó ọwọ́. Bó bá fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ fíríìjì àti AC tó kọ́, ìwọ fúnra rẹ ni kó san owó ṣọ́ọ̀bù fún onílé. Irinṣẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ bá ọ rà á. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, kí Màmá máa fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kó sọ fún un pé báyìí ni o fẹ́ ṣe é, kí o sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò, kí ẹ sì dá oṣù tí ẹ máa tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ẹnu ará àdúgbò ló ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun kò fọkàn tán òun, ìtìjú yẹn lè lé e padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Màmá yóò sọ pé ayé ló ṣe é. Màmá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn jiyàn. Mo ní bó bá jẹ́ ayé ni, ẹ jẹ́ kí dókítà bá wa tú u. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Àdúrà ń lọ lọ́tọ̀, oògùn tí dókítà kọ ń lọ lọ́tọ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ní kí Kúnlé dá oògùn yẹn dúró nítorí ààwẹ̀.

Ohun tí nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé fún wa ni pé tramadol àti kodíìnì, àwọn oògùn ìrora tí wọ́n ń ṣì lò, máa ń da bí ọpọlọ ṣe ń mọ ìgbádùn àti ìrora rú, ọ̀pọ̀ oṣù sì lè kọjá kó tó bọ̀ sípò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti jáwọ́ fi lè máà rí oorun sùn, tí inú rẹ̀ á bàjẹ́ láìnídìí, tí àmàlà tó fẹ́ràn kò ní ṣe nǹkan kan fún un mọ́. Lójú ará ilé, ó ti di ọ̀lẹ. Gbogbo àǹtí tó bá kọjá ni yóò fẹ́ bá a wí. Tètè bẹ Bọ̀dá Àgbà yín kí wọ́n má sọ gbogbo àbẹ̀wò di ìwàásù. Ẹni tó ti gbọ́ "wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ" láti ọdún yìí wá kò tún nílò rẹ̀ mọ́. Kó máa jí, kó wẹ̀, kó jáde lásìkò kan náà lójoojúmọ́, ìyẹn tó fún oṣù àkọ́kọ́.

Bí ìtìjú bá sì fẹ́ pa Màmá, sọ fún wọn pé ìwádìí kan tí ìjọba àti UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè lórí oògùn olóró, gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ní 2017, ó tó mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, tó lo oògùn olóró, ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù tiwa yìí ló sì pọ̀ sí jù. Ọ̀kan nínú mẹ́rin wọn, obìnrin ni. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ Wálé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní agboolé yín, kí wọ́n lọ wo yàrá tiwọn náà dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kí ẹbí wà nídìí ìtọ́jú kì í ṣe àṣà òyìnbó tuntun? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ní 1954, kó tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú mọ̀lẹ́bí kan dání, tí yóò máa sè fún un, tí yóò máa sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àìsàn ọpọlọ ni wọ́n ń wò níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Mọ̀lẹ́bí tó bá a wá á ti mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá, á ti mọ oògùn tó ń lò, nígbà tí wọ́n bá sì jọ padà sílé, kò ní di àlejò sí àìsàn náà.

Fi ìyẹn wé ti Ọjọ́ọ̀, n'Ìbàdàn níbí. Ní November 2019, ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde níbi kan tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ìwà, àtọkùnrin àtobìnrin àtọmọdé, tí wọ́n tì mọ́lé. Ẹbí wà tó fi ọwọ́ ara wọn fa ọmọ lọ síbẹ̀, mi ò sì lè bú wọn, torí mo mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí àwọn aṣọ òkè bá ń pòórá nínú àpótí, tí ọmọ ò sì wálé sùn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún dárúkọ ibì kan fún yín, ẹ bi wọ́n pé dókítà wo ló wà níbẹ̀, ṣé ẹ lè máa wá wò ó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má mú un lọ. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wà nílùú yìí, Àrò ò sì jìnnà. Kí Wálé máa bá ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú dókítà lọ, bó bá sì gbà, kí ẹnì kan máa bá a lọ.

Apá yìí, kà á dáadáa, kí o sì kà á sí Màmá létí lórí fóònù. Ó lè ṣubú padà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé owó ìtọ́jú ti wọmi. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ara rẹ̀ kò gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n tí kò ṣe é ní nǹkan kan lọ́dún tó kọjá lè pa á báyìí. Bí wọ́n bá bá a níbi tó sùn sí tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n sì sọ ohun tó lò gan-an fún wọn. Oògùn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ naloxone, tó ń ká agbára irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò. Kí wọ́n má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Tramadol tún máa ń fa gìrì. Bí gìrì bá mú un, kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo mọ àdúgbò wa, ṣíbí ni wọ́n á kọ́kọ́ sáré wá.

Nígbà tó bá sì jí, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ èébú. Ẹni tí wọ́n bú lánàá yóò fi ti ọ̀la pamọ́ fún wọn ni.

Kí ó tó dé, kí wọ́n palẹ̀ ilé mọ́. Oògùn ìrora tí Màmá gbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún wọn, kí wọ́n kó o kúrò nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Páragà Bàbá náà, kó jáde lórí tábìlì. Kí wọ́n má mú un lọ sí òwàḿbẹ̀ kankan fún ìgbà díẹ̀, bí ẹbí bá bínú, kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n kí Màmá má máa tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lóru, kí wọ́n sì má gbé e bí ẹyin. Kúnlé sọ fún mi pé ohun tó ṣe òun lóore jù ni ọjọ́ tí wọ́n rán òun lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra nǹkan, tí kò sí ẹni tó dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá pàápàá nílò ẹni tí yóò gbọ́ tiwọn. Wọn kì í sùn mọ́, mo rí i lójú wọn. N ó máa yà sọ́dọ̀ wọn, a ó jọ máa lọ sọ́jà Bódìjà.

Ìwọ náà, máa pe Wálé déédéé, má ṣe fi fídíò yẹ ojú rẹ̀ wò bí kọ́sítọ́ọ̀mù. Bi í léèrè nípa 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tí kò yé ba inú rẹ̀ jẹ́. Bó bá fẹ́ sọ nípa oògùn, yóò sọ.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, mo ti wo ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá. Onílé ń béèrè owó ọdún méjì, ṣùgbọ́n ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ ọ́n, a lè bẹ̀ ẹ́ sí ọdún kan. Jẹ́ kí n mọ̀ kó tó di Friday.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́