Ẹni tó bú olóṣèlú kò já wọ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọlọ́pàá mú nítorí pé ó bú olóṣèlú lórí Facebook ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ pè é ní ọ̀rọ̀ cybersecurity. Ẹ jọ̀ọ́, pásíwọ́ọ̀dù ta ló jí? Àkáǹtì ta ló já wọ̀?

Ohun tí cybersecurity wà fún ni kí fóònù, kọ̀ǹpútà àti àkọsílẹ̀ wa má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Gbájúẹ̀ tó ń pe ìyá aláta pé òun ni ọ̀gá báńkì, pé kó ka OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, fóun, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Mo mọ ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti wá. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ló kó olè àti ẹlẹ́nu ṣàkàṣàkà sínú àpò kan. Lábẹ́ abala 24 rẹ̀ nígbà náà, irọ́ tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé sórí ayélujára láti fi bí ẹlòmíràn nínú lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 3, tàbí kó san mílíọ̀nù 7 náírà. Ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní kí Nàìjíríà tún abala yìí ṣe ní 2022. Ó di 2024 kí wọ́n tó dín ohun tí abala náà kà sí ẹ̀ṣẹ̀ kù.

Àtúnṣe 2024 yìí náà ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, dì mú ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, tí wọ́n ní kí àwọn báńkì máa yọ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó cybersecurity: 50 náírà lórí 10,000. Ariwo ta, wọ́n sì fà á padà kí oṣù náà tó parí. Ẹ bi àwọn ọlọ́jà léèrè lónìí ohun tí cybersecurity jẹ́, owó tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n máa pè é. Mi ò bá wọn wí.

Ẹ̀yin oníròyìn ni mo ń bẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹni tó bú èèyàn, ẹ kọ ọ́ pé èébú ló bú. Kí ẹ sì wá fún wa ní ìlà mélòó kan lórí bí a ṣe ń fi PIN ti síìmù fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló rò pé títi ojú fóònù ti tó. Olè á yọ síìmù yẹn, á fi í sínú fóònù mìíràn, OTP báńkì á sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣogbo