Kí àwọn ẹni ńlá máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní ìpàdé ìlú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Èkìtì yéé pe tọmọdé tàgbà sí ìpàdé, kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ìlú lé ọ̀mọ̀wé mẹ́wàá péré lọ́wọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú, ariwo ni wọ́n ń pa. Lẹ́tà náà dùn ún kà, ẹni tó kọ ọ́ mọ gègé lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé kò sí agboolé kan lọ́dọ̀ wa tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ó yẹ ká mọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Oyin ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí bíọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ń sin oyin díẹ̀ lóko báyìí. Bí ilé bá há mọ́ oyin, ìyá wọn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn á jáde, wọ́n á ṣù mọ́ ẹ̀ka igi. Àwọn ará àdúgbò á máa sá kiri, wọ́n á ní oyin dé. Oyin yẹn ò wá jà o, ìpàdé ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ìyá wọn kọ́ ló sì ń yan ilé tuntun. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré, àwọn àgbà tó ti mọ ìgbẹ́ dáadáa, ló ń tú ká lọ wo ihò igi. Èyí tó bá rí ihò á padà wá jó lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Karl von Frisch, onímọ̀ nípa ẹranko tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973, ló tú àṣírí ijó náà: ìhà tí oyin kọjú sí bó ṣe ń jó ló ń júwe ọ̀nà, bí a bá fi oòrùn wò ó; bí ijó bá sì ṣe pẹ́ sí ni ibẹ̀ ṣe jìn sí.

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín tẹjú mọ́ nìyí. Oyin tó wo ijó ẹlòmíràn kì í kàn bá a gbe é. Á fò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á wọnú ihò náà, á rìn ín já, kó tó padà wá jó tirẹ̀. Bí ihò ò bá wù ú, ijó rẹ̀ ò ní pọ̀. Èyí tó sì kọ́kọ́ jó, bó ti wù kí ibi tó rí dára tó, ijó rẹ̀ á máa dín kù bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, títí á fi dákẹ́ pátápátá. (Kò sí oyin tó ń gba gbohùngbohùn fún wákàtí kan.) Nígbà tí nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n nínú wọn bá pàdé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu ihò kan, ìpàdé parí nìyẹn, gbogbo agbo á gbéra. Thomas Seeley, onímọ̀ nípa oyin, ará Amẹ́ríkà, kó oyin lọ sí erékùṣù Appledore, ó gbé àpótí márùn-ún kalẹ̀ fún wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló gbòòrò tó bó ṣe yẹ. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n mú èyí tó dára jù.

Ẹ̀dá kan tiẹ̀ wà tí kò tó oyin rárá, tí kò ní ọpọlọ, tí kò lójú. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó máa ń rá lórí igi tó ti jẹrà. Physarum polycephalum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lọ́dún 2010, àwọn ará Jàpáànì to oúnjẹ ọ́ọ̀tì kalẹ̀ bí àwọn ìlú tó yí Tokyo ká ṣe wà lórí máàpù. Ẹ̀dá yìí nà dé ìdí gbogbo rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀ lọ́nà tó jọ ti rélùwéè tí àwọn ẹnjiníà ṣe. Iṣan tí nǹkan ń gbà kọjá dáadáa ń tóbi, èyí tí nǹkan ò gbà ń gbẹ. Kò sí alága níbẹ̀.

Ti èèyàn ńkọ́? Lọ́dún 1906, níbi àfihàn ẹran ọ̀sìn kan ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn sanwó láti sọ iye tí màlúù kan máa wọ̀n tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì kun ún tán. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gba bébà wọn, ó rí 787 tó ṣeé kà. Ó to gbogbo iye náà láti kékeré dé ńlá. Èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn jẹ́ pọ́ùn 1,207. Ẹran náà wọ̀n 1,198. Àwọn alápatà wà níbẹ̀, àwọn tí kò mọ ẹran rí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló kọ tirẹ̀ láìgbọ́ ti ẹnìkejì. Lọ́dún 2011, wọ́n dán ohun tó jọ ọ́ wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 144 ní Zurich, nílẹ̀ Switzerland, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn kan máa rí ìdáhùn ẹgbẹ́ wọn. Ìdáhùn wọn wá ń jọra, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sún mọ́ òótọ́. Ìdánilójú wọn nìkan ló ga sí i.

Mo rántí kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ ní àdúgbò kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ ìlú kan tí Ọlọ́run bùkún fún ló fẹ́ sanwó rẹ̀. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ti dìde, ó ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìlú ni kó wà, kí àlejò lè máa rí i. Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyá kan tó ń se mọ́ínmọ́ín tà jókòó síwájú mi, tó jẹ́ pé omi ni iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó yí sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Níbẹ̀ yẹn kẹ̀? Kànga wo ló wà níbẹ̀ tó rí oṣù Kejì rí?" Kò sọ ọ́ sókè. Ta ni yóò bá ẹni tó fẹ́ náwó jiyàn? Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ní Èkìtì, ibi tó bá ti là tàbí tó ti rọ̀ lomi ń gbé, ẹni tó ń pọnmi lójoojúmọ́ sì mọ ibi tí kì í tètè gbẹ. Ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí afẹ́fẹ́.

N kò sọ pé ká dìbò lórí ibi tí àpáta ti là. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò, ẹ pè é, ẹ sanwó fún un. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yẹn ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀? Lọ́dún 2010, Anita Woolley, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín èèyàn 699 sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n gbé iṣẹ́ oríṣiríṣi fún wọn. Ẹgbẹ́ tó ní olórí pípé jù nínú kọ́ ló ń ṣe dáadáa jù. Èyí tí ọ̀rọ̀ ti ń kárí ni, tí ẹnìkan ò gba gbogbo rẹ̀ sọ, tí wọ́n ń fi ojú mọ ohun tó wà lọ́kàn ara wọn, tí obìnrin sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí. Láàfin ìlú tèmi, ìjòyè kékeré ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Kábíyèsí ló ń gbẹ̀yìn, torí tí ọba bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ tán. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tí a fi bébà àti òǹtẹ̀ dá sílẹ̀ ló yí i padà, tí alága àti olówó fi ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo ti dá a lábàá fún ẹgbẹ́ tiwa pé kí a pín bébà pélébé káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó lanu nípa ibi tí a máa kọ́ ìsọ̀ ọjà sí. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ọmọ iléèwé bá a kọ ọ́. Kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sókè láìdárúkọ, lẹ́yìn náà ni kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé wa ní owó bébà ò sí nínú àpò ẹgbẹ́. Mo ti ra bébà. Ó ku kí alága gbà láti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, wọn ò sì tíì dá mi lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.