Ọmọ rẹ kò burú, Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Pé ọmọ rẹ gé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní kíláàsì kò bà mí lẹ́rù. Ibi tí o ti ní bóyá ìwọ ni o kò mọ ọmọ tọ́, ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, jọ̀ọ́.

Ojú tèmi náà rí i. Nígbà tí ọmọ mi wà lọ́mọ ọdún 6, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í pè mí nílé-ìwé. Èrò mi ni pé ká gbé e lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe. Màmá tí a lọ bá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú ìhùwàsí ọmọdé, èmi àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n mú jókòó. Wọ́n ní ká ro bí alẹ́ àná ṣe lọ. Mo ní kó pa tẹlifíṣọ̀n, kò pa á. Mo jágbe, ó jágbe jù mí lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo ní kó máa wò ó. Wọ́n bi mí pé, “Ta ló kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀.

Wọ́n ní Gerald Patterson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1982: ọmọ pariwo, òbí gbà fún un, ilé parọ́rọ́. Ọmọ ti kọ́ pé ariwo ń ṣiṣẹ́, òbí náà ti kọ́ pé gbígbà fún un ló ń mú ìsinmi wá. Kò sí ìkà níbẹ̀, àárẹ̀ ni. Ohun tó bá kọ́ nílé ni yóò sì gbé lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó ronú ìjìyà kankan, bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́. Òun ni kó darí eré. Má pàṣẹ, má bi í ní ìbéèrè, má tún ohunkóhun ṣe fún un. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ: “O ti gbé búlọ́ọ̀kù pupa lé orí aláwọ̀ ewé.” Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ mi gbé orí lé itan mi, ó ní ọmọ kan máa ń pe òun ní òmùgọ̀ torí òun kò tíì mọ ìwé kà. Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ìjà yẹn!

Olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀, títí a fi sọ fún wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi káàdì kékeré ránṣẹ́ sílé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń sàmì sí: ṣé ó sọ̀rọ̀ dípò kó lu ènìyàn? Bó bá ṣe é, a ó yìn ín lójú ẹsẹ̀.

Ní tìrẹ, kí bàbá ọmọ rẹ àti gbogbo àgbà ilé fẹnu kò lórí rẹ̀. Bí o bá kọ̀ láti gbà fún ariwo, ariwo náà lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Fara dà á. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tó ní òun fẹ́ kú, má dúró de eré kankan, gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà.

Kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí o sọ eré tó yàn fún mi.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ