Agbọ́n ni mo wí, kì í ṣe àgbọn

Bọ́sẹ̀ mi,

Nígbà tí mo kọ "agbon" sí ọ lórí fóònù, tí o ní kí n fi méjì ránṣẹ́ sí London, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti di ti lẹ́tà. Agbọ́n ni o, èyí tó ń ta ni. Ilé rẹ̀ ti tó àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ etí òrùlé, lókè fèrèsé yàrá Màmá gan-an. Okùn tín-ín-rín kan ló so ó rọ̀, ẹnu ihò rẹ̀ kọjú sílẹ̀, ìdin funfun wà nínú. Igi fèrèsé tó ti gbó ni wọ́n ń họ, tí wọ́n ń fi itọ́ pò, tí wọ́n fi ń kọ́lé.

Èyí tó wà nídìí ọsàn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ Màmá ni wọ́n ń kó fún ọmọ wọn jẹ. Ti ojú fèrèsé ló gbọ́dọ̀ lọ.

Sùnkànmí ti ra bẹntiróòlù! Ó ní òun á wé àkísà mọ́ ọ̀pá, òun á ṣáná sí i. Pákó sì ni àjà ilé yín. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù ń bà mí.

Omi ọṣẹ ló máa ṣe é. Ṣíbí ìjẹun 2 ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, sínú omi lítà 1. Ọṣẹ oníyẹ̀fun á dí ẹnu ike tí a fi ń fín in. Omi lásán á kàn yọ̀ kúrò lára agbọ́n ni, ọṣẹ ló ń jẹ́ kó wọ ihò tó fi ń mí. Aago 8 alẹ́ ni kí Sùnkànmí fín in sí ilé agbọ́n náà, tí gbogbo wọn ti wọlé. Ẹni tó bá wó o lọ́sàn-án, àwọn tó lọ ṣọdẹ á padà wá tún un kọ́ síbẹ̀. Kó má gun àkàbà, kó má dúró sábẹ́ rẹ̀. Kó gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kó fi ọ̀rá pupa bò ó lójú, torí iná funfun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n ń fò tọ̀. Èyí tó bá bà lé e, kó má gbá a pa mọ́ra: òórùn oró rẹ̀ ló ń pe àwọn yòókù. Oyin a máa fi oró sílẹ̀ lára èèyàn. Agbọ́n á fa tirẹ̀ yọ, á tún ta ọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, kó fi ọ̀pá gígùn já ilé náà bọ́, kó họ ìdí rẹ̀ dànù.

Kúnlé ti gbéyàwó. Ẹni tí o rò yẹn náà ni.

Bọ́sẹ̀, nígbà tí ọ̀kan ta Màmá lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ojú ibẹ̀ nìkan ló wú. Ara wọn sú káàkiri, ètè wọn wú, wọ́n bì, èémí wọn ò já gaara. Epo pupa ni wọ́n fi pa á, wọ́n ní ayé ni. Wíwú ojú ibẹ̀ lásán, ọṣẹ àti omi, pẹ̀lú yìnyín tí a fi aṣọ wé fún ìṣẹ́jú 10, ti tó o. Eléyìí kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ adrenaline sí itan wọn.

Màmá ò gbọ́ tèmi. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí n mú wọn lọ rí dókítà, kí wọ́n sì máa sùn ní yàrá rẹ títí a ó fi ṣe é tán. Kí Sùnkànmí da bẹntiróòlù yẹn sínú jẹnẹrétọ̀. A ò níná láti ọjọ́ Ajé.

Èmi ni,
Rónkẹ́