Kí Katakátá Tó Tún Wọ Sókórí, Ẹ Jẹ́ Ká Ya Máàpù Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé dé etígbọ̀ọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta àti àwọn àgbààgbà Ẹ̀gbá dá lórí odò Sókórí àti èbúté Àró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba odò kan tí ó jìnnà sí wa púpọ̀.

Montgomery Canal ni wọ́n ń pe odò náà. Ènìyàn ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ, láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ọkọ̀ ojú omi tí ẹṣin ń fà láti bèbè lè máa kó òkúta ẹfun láti Llanymynech lọ fún àwọn tó ń sun ún fún àwọn àgbẹ̀ láti fi tọ́jú ilẹ̀ oko. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 35, láti Frankton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Newtown ní Wales. Ní 1936, bèbè rẹ̀ já, omi ya lọ. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè tó ni ín nígbà náà kò tún un ṣe, nígbà tó sì di 1944, òfin fún wọn láyè láti pa á tì. Báyìí ni wọ́n ṣe wó àwọn afárá kan lórí rẹ̀, tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí abẹ́ wọn, tí mọ́tò sì ń gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé omi kò ṣàn níbẹ̀ rí. Ní 1969, ètò wà láti la títì tuntun gba inú rẹ̀ kọjá ní Welshpool. Ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún kó ṣọ́bìrì, tí wọ́n wọ inú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lọ. Títì náà kò gba ibẹ̀ mọ́, àtúnṣe odò ọ̀hún sì ń lọ títí di òní.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí irú àwọn olùyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ti máàpù àti àkọsílẹ̀ ló wù mí jù. Afárá kọ̀ọ̀kan lórí odò wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí òkúta kan bá yẹ̀ lára ọ̀kan, ẹni tó rí i kò ní máa júwe igi ọ̀pẹ àti ilé alájà kí wọ́n tó mọ ibi tó ń sọ. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Scotland ti gbé àwọn máàpù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ènìyàn lè tẹ́ wọn lé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà lóde òní, kí ó sì rí i kedere pé oko ọkà ti lámọ̀rín, inú odò ló wà. Wọ́n tún ń fẹsẹ̀ rin bèbè náà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n bá rí kún OpenStreetMap, máàpù àjọyà tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Níbi tí okùn ẹṣin ti ha ara òkúta afárá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ojú okùn náà fi jinlẹ̀ tó ohun tí ìka ọwọ́ ń wọ̀, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Kódà, ewé omi kan tó ṣọ̀wọ́n, olódòdó funfun, tó ti fi ojú odò tí a pa tì ṣe ilé, wọ́n mọ ibi tó wà, wọ́n sì ń ṣètò ààyè ọ̀tọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Àárín ìlú ni Sókórí gbà kó tó já sí odò Ògùn. A kò tí ì gbàgbé omíyalé oṣù Keje ọdún 2018, tó gba ẹ̀mí, tó sì ba dúkìá jẹ́ nílùú yìí. Nítorí náà, n kò tako kí wọ́n gbẹ́ odò náà, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Ẹni tí omi bá wọ yàrá rẹ̀ lóru kò ní fara mọ́ ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró nítorí ìtàn. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, bí katakátá bá gbẹ́ ẹ tán, ta ló lè fi ibi tí bèbè rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ hàn wá? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ bí omi ṣe ga tó lára ògiri kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2018? Bí a bá ní nọ́ńbà fún gbogbo afárá àti kọ́fátì orí Sókórí, tí a wọn ìbú ẹnu wọn àti gíga wọn láti ìsàlẹ̀ odò, tí a sì fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí omi dé nígbà náà, kọngílá yóò mọ èyí tí ẹnu rẹ̀ kéré jù fún omi tó ń bọ̀ láti òkè. Láìsí èyí, àfojúbù ni gbogbo rẹ̀, owó ìlú sì ni wọ́n fi ń fojú bù.

Ti Àró tilẹ̀ tún yàtọ̀. Bí a bá dárúkọ Àró lónìí, ilé ìwòsàn àìlera ọpọlọ ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, kí rélùwéè láti Èkó tó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, Àró àti Agbamáyà ni àwọn èbúté tí epo pupa àti òwú Ẹ̀gbá ń gbà wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Níbo gan-an ni wọ́n ti ń já ẹrù? Ọ̀nà wo ni àwọn aláàárù ń gbà gòkè wọ ìlú? Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn ti ń dàgbà jù láti sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi.

Àbá mi ni pé kí ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ pé wọn kò ní san owó àkọ́san fún kọngílá kankan lórí Sókórí àyàfi tó bá kó máàpù àti àwòrán odò náà bó ṣe wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ wá, àti pé kí ó tún kó òmíràn wá nígbà tó bá parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó ń kọ́ nípa omi àti àwọn tó wà ní Politẹ́kíníìkì Ojere lè rìn ín pẹ̀lú fóònù àti tépù ìwọnlẹ̀, kí àgbà kan láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ lé wọn, nítorí fóònù kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ibi kan kí wọ́n tó kọ́ ilé síbẹ̀, tàbí ibi tí àwọn aládìrẹ ti ń ṣan aṣọ. Ibi tó bá jẹ́ ojúbọ, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí wọ́n tó yà á; kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kó wà ní gbangba. Kí Àjọ tó ń bójú tó Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú wa níhìn-ín, náà jẹ́ kí aráàlú rí àwọn àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ipa yín wà níbẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ìwé ìròyìn kò ṣàjèjì sí etí odò yìí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn àwòrán àtijọ́ ti Sókórí àti Àró tó wà nínú àpótí àwọn òǹkàwé yín. Kí ẹni tó bá fi ọ̀kan ránṣẹ́ kọ ibi tí wọ́n ti yà á, ọdún tí wọ́n yà á àti ẹni tó yà á sínú ìwé kékeré, kó má ṣe kọ ọ́ sára àwòrán, kí ẹ sì dá a padà fún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á sínú kọ̀ǹpútà yín.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Láti Ìbarà, Abẹ́òkúta.