Kátálọ́ọ̀gì Wa, Ọwọ́ Wa Ni Kó Wà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mò ń ṣe nílùú Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ mi sì kan gbogbo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ tó ń buwọ́ lu ìnáwó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn tó ń ta sọ́fútíwíà ilé ìkàwé ti ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọn á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé tábìlì, wọn á ní ìwé kò ní sọnù mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi fóònù wá ìwé láti ilé. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ ló ṣeé ṣe. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ bi wọ́n pé: lọ́jọ́ tí àwa pẹ̀lú yín bá pínyà, ọwọ́ ta ni àkọsílẹ̀ ìwé wa, ìyẹn kátálọ́ọ̀gì, yóò wà?

Ó ṣojú mi nílé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. A jókòó ti kọ̀ǹpútà, à ń da ohun tó wà lórí káàdì kọ sínú sọ́fútíwíà tí a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún fún oníṣòwò kan: òǹkọ̀wé, àkọlé, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ọdún, nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé tó ń sọ ibi tó wà lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá mọ káàdì ilé ìkàwé àtijọ́ á rántí ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbà kọjá kí ẹnikẹ́ni má baà fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀. A yọ irin yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn akọ̀wé ń fi ẹ̀yìn káàdì kọ nọ́ńbà fóònù, ìyókù bá ìdọ̀tí lọ. Nígbà tó yá, owó ọdọọdún fò sókè, nítorí dọ́là ni oníṣòwò náà fi ń ṣírò rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ò sì rí i san. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a tẹ páásìwọ́ọ̀dù, kò ṣí. Ìwé wà lórí pẹpẹ, àwa ò sì mọ ibi tí èwo wà. Ọmọ tó ń wá ìwé lórí àrùn kòkó ń tẹ̀ lé mi kiri láti pẹpẹ dé pẹpẹ. A bẹ oníṣòwò pé kó da àkọsílẹ̀ wa padà, ó ní kò sí nínú àdéhùn. Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

Àwọn ńláńlá lókè òkun náà ń pààrọ̀ olówó. Ilé iṣẹ́ ProQuest ra Ex Libris, tó ń ṣe sọ́fútíwíà ilé ìkàwé, ní 2015, nígbà tó di 2021, ilé iṣẹ́ mìíràn, Clarivate, ra ProQuest fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá fọwọ́ síwèé lónìí lè má jẹ́ ẹni tí yóò máa bèèrè owó lọ́wọ́ yín lọ́la.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1999, ilé ìkàwé ìgboro Horowhenua ní New Zealand rí i pé sọ́fútíwíà táwọn ń lò kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bí ọdún 2000 bá wọlé. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Katipo, ó kọ sọ́fútíwíà ilé ìkàwé tó ń jẹ́ Koha fún wọn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2000. Wọn ò há a mọ́wọ́. Wọ́n gbé e síta kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Lónìí, àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà ń lò ó. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé MARC, ìlànà kíkọ àkọsílẹ̀ ìwé lọ́nà tí kọ̀ǹpútà lè kà, tí Henriette Avram àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, láti bí ọgọ́ta ọdún: ìlà 100 fún òǹkọ̀wé, 245 fún àkọlé. Ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó bá wù yín, kẹ́ ẹ sì gbé e sínú ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo MARC.

Mi ò sọ pé kò náni lówó o. Ó fẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí yóò jẹ́ sávà, ìyẹn èyí tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí àwọn yòókù ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ìnfátà tó lágbára, ó sì fẹ́ ẹni tó mọ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí sávà náà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni yẹn gan-an là ń fojú di. A ń rówó ra ẹ̀rọ, a kì í rówó kọ́ òṣìṣẹ́. Ṣé ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì FUTA, tàbí ní yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí ni? Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lè pawọ́ pọ̀ san owó oṣù ẹnì kan. Bí sávà bá sì wà nínú ọgbà, a ò ní torí pé dátà tán má yá ọmọ níwèé, nítorí wáyà inú ilé ló so ẹ̀rọ pọ̀, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó ń ta sọ́fútíwíà tún ń pariwo AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà. Ó dáa, ṣùgbọ́n AI kò lè rí ìwé tí kò sí nínú kátálọ́ọ̀gì.

Bí ìgbìmọ̀ bá tiẹ̀ yan oníṣòwò, kó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ilé ẹ̀kọ́ ló ni àkọsílẹ̀, pé oníṣòwò yóò máa fún wa ní ẹ̀dà MARC rẹ̀ lóṣooṣù, àti pé gbèsè kankan kò ní dí i lọ́wọ́. Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan ni kí wọ́n ti kọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.